Búlúù mi sá lọ lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ lẹ́ǹsì: kí ni kí n ṣe sí agbára pulse?

Lésà_Ìgbógbó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ̀rọ lésà MOPA 30 W (irú èyí tí a lè yan bí pulse rẹ̀ ṣe máa gùn tó) ni mò ń lò ní Ìgbógbó, Ìkòròdú níbí. Orúkọ àti àmì ayẹyẹ ni mò ń kọ sára ife àti tírè stainless. Nígbà tí lẹ́ǹsì 160 wà lórí rẹ̀ (èyí tí fókọ́sì rẹ̀ jìn tó 160 mm, ojú iṣẹ́ 110 × 110 mm), búlúù mi máa ń jáde bí aró tó kanlẹ̀: power 60%, pulse (iná tí lésà ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan) 30 ns (ns jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá), frequency (iye pulse láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) 300 kHz, speed 800 mm/s, àlàfo ìlà 0.005 mm. Tírè ńlá wá dé, lẹ́ǹsì 160 ò gbà á, ni mo bá gbé 254 (175 × 175 mm) sí i. Mi ò fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan, fókọ́sì nìkan ni mo tún ṣe.

Búlúù ò jáde mọ́. Ohun tí mò ń rí ni ìyeyè tó ṣì, bíi tíì tí wọ́n là lómi jù. Nígbà tí mo gbé power lọ sí 100%, ó di àwọ̀ ilẹ̀ tó rí pálapàla, etí lẹ́tà sì dúdú ju inú rẹ̀ lọ. Ẹjọ́ kejì tún wà: nínú àwọn tírè tí mo fi lẹ́ǹsì àtijọ́ ṣe, oníbàárà gbé méjì padà wá. Àmì pupa kéékèèké ti yọ lójú ibi tí mo kọ̀wé sí, kò sì yọ níbòmíràn lára tírè náà. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà ni mo fẹ́ àti ìdí rẹ̀. Ẹ má sọ pé kí n máa dán an wò títí yóò fi jáde, tírè yìí kì í ṣe owó kékeré.

Sábó_Engrave
Lẹ́ǹsì ńlá máa ń fọ́n iná ká. Fi power sí 100%, dín speed kù sí 400, á jáde.

Ẹnjiníà_Odógùnyàn
Ẹ̀gbọ́n Sábó, òótọ́ ni pé lẹ́ǹsì ńlá ń fọ́n iná ká, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ní kó ṣe yẹn á ba tírè jẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Irin ò mọ power tó wà lójú EzCad (sọ́fíwíà tó ń darí ẹ̀rọ). Ohun tó ń bá a ni agbára inú pulse kọ̀ọ̀kan, àti bí ojú ibi tí pulse náà bọ́ sí ṣe fẹ̀ tó. 60% nínú 30 W jẹ́ 18 W. Ẹ pín in sí 300,000 pulse tó ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, pulse kan gbé 0.06 mJ (mJ jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún Joule). Lésà 1064 nm tí iná rẹ̀ fẹ̀ tó 7 mm nígbà tó ń wọ gálífò (dígí tó ń darí iná), tí M² rẹ̀ (ìwọ̀n bí iná ṣe mọ́ tó, 1 ló dára jù) sì jẹ́ 1.4, ojú iná rẹ̀ á fẹ̀ tó nǹkan bíi 43 µm (µm jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mm) lábẹ́ lẹ́ǹsì 160, á sì jẹ́ 69 µm lábẹ́ 254. Bí ẹ bá wá fi 0.06 mJ yẹn sórí ojú méjèèjì, ẹ óò rí 4.1 J/cm² lábẹ́ lẹ́ǹsì àtijọ́ àti 1.6 J/cm² lábẹ́ tuntun. Ẹ̀rọ tiyín lè yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n ìpín tó wà láàárín wọn ò yí: 254 pín sí 160, kí ẹ sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po ara rẹ̀, ó jẹ́ 2.5. Ìlọ́po méjì àbọ̀ ni agbára tó ń kan ibì kan náà lójú irin fi dín kù, ẹ ò sì fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan.

Kí ló kan àwọ̀ níbẹ̀? Kò sí ọ̀dà nínú búlúù yẹn. Ẹ wo bí pẹtiróòlù ṣe ń tàn lójú omi òjò ní gáréèjì: pẹtiróòlù fúnra rẹ̀ ò ní búlúù nínú, ó kàn fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ tó tojú rẹ̀ padà àti èyí tó tìdí rẹ̀ padà ń pàdé ara wọn, àwọ̀ kan á kú, òmíràn á le sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni awọ ọ́síàdì (oxide, irin tó ti bá ọ́síjìn dàpọ̀) tí ooru lésà ń hù sójú stainless. Bó bá ṣe ń nípọn sí i ni àwọ̀ ń yí padà: ìyeyè ló ń kọ́kọ́ yọ, ó di àwọ̀ ilẹ̀, ó di elésè-àlùkò, kó tó wá di búlúù. Nánómítà díẹ̀ tó bá lé tàbí tó bá dín, àwọ̀ mìíràn nìyẹn. Ìyeyè tí ẹ ń rí ń sọ fún yín pé awọ náà ò tíì nípọn tó.

Ẹ wá wo ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n Sábó. 30 W lórí 300 kHz jẹ́ 0.1 mJ, ìyẹn 2.7 J/cm², kò tíì dé 4.1 tó ń fún yín ní búlúù. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ agbára tó bọ́ sórí mm² kan (wọ́ọ̀tì pín sí speed, pín sí àlàfo ìlà) á fò láti 4.5 J/mm² lọ sí 15 J/mm². Pulse kọ̀ọ̀kan rọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àpapọ̀ ooru sì ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Tírè á gbóná látòkè délẹ̀, ó lè ká kò, awọ náà á wá hù lọ́nà tí kò dọ́gba. Pálapàla tí ẹ rí ní 100% nìyẹn, speed 400 á tún mú un burú sí i.

Ohun tó yẹ ni pé kí pulse kan gbé 0.15 mJ, kí àpapọ̀ sì dúró sí 4.5 J/mm². Ẹ fi 18 W sílẹ̀, ẹ fi speed àti àlàfo sílẹ̀, ẹ dín frequency kù sí 120 kHz. Bí ẹ bá kà á, ibì kan náà lójú irin á gba nǹkan bíi pulse 111 lábẹ́ lẹ́ǹsì méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì jẹ́ nǹkan bíi 4 J/cm².

Ìyá_Àmì_Ẹ̀pẹ́
Ìṣirò Ẹnjiníà dára, ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tó máa mú Ìgbógbó ṣubú. MOPA kì í jẹ́ kéèyàn dín frequency kù bó ṣe wù ú. Gbogbo ìwọ̀n ns ló ní frequency ìsàlẹ̀ tirẹ̀, inú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ló wà. Bí ẹ bá lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ dín wọ́ọ̀tì kù kí pulse má bàa le jù fún fáíbà inú rẹ̀, kò sì ní sọ fún yín lójú EzCad. Ẹ wo tábìlì yẹn kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan kan.

Lésà_Ìgbógbó
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti wò ó. Wọ́n kọ 200 kHz síwájú 30 ns. Ṣé mi ò lè lo 120 kHz nìyẹn?

Sábó_Engrave
Àbí kó lọ sí 80 ns tàbí 100 ns tí frequency rẹ̀ lè wálẹ̀? Ẹ̀rọ Q-switch 20 W (lésà tí a ò lè yí gígùn pulse rẹ̀ padà) kò ní ju nǹkan bíi 100 ns lọ, ó sì ń ṣe àwọ̀.

Ìyá_Àmì_Ẹ̀pẹ́
@Lésà_Ìgbógbó, ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fi 60% sí i. Lọ́pọ̀ ẹ̀rọ MOPA, bí frequency bá ti bọ́ sísàlẹ̀ iye inú tábìlì, wọ́ọ̀tì tó pọ̀ jù tó lè jáde á máa bá a dín kù ní ìpín kan náà. 30 W ní 200 kHz á di 18 W ní 120 kHz. Bí ẹ bá wá kọ 60% síbẹ̀, 60% nínú 18 W lẹ máa rí, ìyẹn 10.8 W, pulse á sì jẹ́ 0.09 mJ péré. 100% ni kẹ́ ẹ kọ, á fún yín ní 18 W àti 0.15 mJ gẹ́lẹ́ tí Ẹnjiníà ṣírò. Òkè pátápátá tí 30 ns lè gbé lórí ẹ̀rọ yín náà nìyẹn.

@Sábó, ẹ ò parọ́. Ṣùgbọ́n bí pulse bá ṣe gùn sí i ni ooru ń wọnú irin sí i kí ó tó parí. Nínú stainless, ooru 30 ns ń wọlé tó nǹkan bíi 0.7 µm, ti 200 ns ń wọlé tó 1.8 µm. Bí ohun tó yọ́ bá ti jìn, ojú irin á hu ìgbì kéékèèké nígbà tó bá ń dì, àwọ̀ á sì ṣókùnkùn. Ní ti Q-switch, 20 W ní 80 kHz jẹ́ 0.25 mJ, ó ti le jù fún àwọ̀ bí ẹ bá wà lójú fókọ́sì gan-an. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lò ó fi ń gbé orí ẹ̀rọ sókè. Lábẹ́ lẹ́ǹsì 160, 2 mm péré tí ẹ bá kúrò lójú fókọ́sì, gbogbo ibi tí iná bò ti di ìlọ́po márùn-ún, agbára sì ti padà sí nǹkan bíi 3.4 J/cm². Àwọ̀ á jáde, àmọ́ ìwọ̀nba ni, kì í sì í dúró sójú kan.

Àgbádárìgì_Stainless
Kò tíì sẹ́ni tó dá Ìgbógbó lóhùn lórí àmì pupa, èmi sì rò pé òun ló le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí búlúù bá ṣì, ojú nìkan ló bàjẹ́. Bí tírè oúnjẹ bá ń dógùn-ún, ẹ ti ba ọjà oníbàárà jẹ́.

Kúrómíọ́mù ló ń gba stainless lọ́wọ́ ìpáàrà. Irin tí kò bá ní tó 10.5% nínú, a ò lè pè é ní stainless. 304, ọ̀kan nínú irú stainless tó wọ́pọ̀, ní nǹkan bíi 18%. Nígbà tí lésà bá ń hu awọ ọ́síàdì yẹn, inú irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ti ń fa kúrómíọ́mù jáde. Awọ náà nípọn, ó dára lójú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó dúró lé ti gbẹ. Bí agbára pulse bá tún pọ̀ jù, awọ á sán wẹ́wẹ́, ojú ò rí sísán náà, omi oníyọ̀ sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ fi awò USB tó ń sọ nǹkan di ńlá wo búlúù kan tó jin dáadáa, ẹ óò rí ìlà wẹ́wẹ́ tó fọ́n káàkiri bíi ti ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó gbẹ.

Àgbègbè wa yìí wá burú fún un. Ní Àgbádárìgì níbí, afẹ́fẹ́ òkun gbé iyọ̀ dání, ọ̀pọ̀ omi kànga náà sì níyọ̀. Lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, omi ẹja ló ń dúró lójú tírè látàárọ̀. Bí wọ́n bá tún fi omi ìfọṣọ oníkílórínì fọ̀ ọ́, kò ní pẹ́ rárá.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa bi yín: irú stainless wo ni? Ọ̀pọ̀ ife àti tírè olówó pọ́ọ́kú jẹ́ 201, níkẹ́lì rẹ̀ kéré, wọ́n fi máńgánísì dí i. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé mágínẹ́ẹ̀tì láti fi mọ̀ ọ́n, àti 201 àti 304 ni kì í fà mọ́ ọn dáadáa. Fún ohun tí yóò máa kan ẹja tàbí omi òkun, 316 ni kí oníbàárà rà, ó ní mólíbídínọ́mù 2 sí 3% tó ń bá iyọ̀ jà. Bí ó bá ní 201 lòun mú wá, ẹ má fi búlúù kún ojú tó gbòòrò. Orúkọ tóńtórò ni kẹ́ ẹ kọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Fíìmù
Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Nínú pulsed laser deposition (fífi lésà tẹ́ fíìmù sójú nǹkan) tí a ń kà, lésà KrF 248 nm, tó ń lo gáàsì, ni wọ́n sábà ń lò, 1 sí 3 J/cm² ni wọ́n sì máa ń dúró lé. Bí agbára pulse bá kọjá ibi tó yẹ, ẹ̀kán ohun tó yọ́ á máa fò bọ́ sójú fíìmù, ojú rẹ̀ á rí gbágungbàgun. Ṣé kò ní dáa kí Ìgbógbó wálẹ̀ sí 2 J/cm²?

Ẹnjiníà_Odógùnyàn
Àbúrò, ìbéèrè gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n fíìmù méjèèjì ò jọra. Nínú ohun tí ẹ ń kà, lésà ń gbá ohun kan jáde lójú ibi tó ń bà, ohun náà á rìn nínú yàrá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, á lọ lẹ̀ mọ́ ojú mìíràn tó dojú kọ ọ́. Ọdún 1987, nígbà tí wọ́n fi ṣe fíìmù YBCO (ohun tó ń gbé iná mànàmáná láìsí ìdíwọ́ bó bá tutù gan-an), ni ọ̀nà yẹn wá di olókìkí. Nínú tiwa níbí, ohunkóhun ò gbọ́dọ̀ kúrò lójú irin. Irin náà ló ń bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ pàdé, awọ á sì hù lára rẹ̀. 248 nm àti 1064 nm náà ò ṣe é fi nọ́ńbà kan náà wọ̀n, nítorí irin ń ti ọ̀pọ̀ nínú 1064 nm padà láìgbà á wọlé. 2 J/cm² tiyín ju 2 J/cm² tiwa lọ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ohun kan tó wúlò. Ẹ̀kán tó yọ́ yẹn, àwa náà ń rí i. Bí Ìgbógbó bá wo búlúù rẹ̀ tó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tó dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, agbára pulse ti kọjá híhu awọ, ó ti ń gbẹ́ irin. Kí ó dín power kù ní 5% 5% títí ìlẹ̀kẹ̀ yóò fi lọ, kó tó fọwọ́ kan speed.

Ìyá_Àmì_Ẹ̀pẹ́
Mo fẹ́ fi kún un pé 43 àti 69 µm tí Ẹnjiníà kọ, ìṣirò ni. Ẹ lè wọn tiyín, kò sì gbowó lórí bí ẹ bá lè yá ẹ̀rọ tó ń wọn wọ́ọ̀tì fún ọjọ́ kan.

Ẹ mú stainless tí ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ẹ fi frequency sí 20 kHz, speed sí 2000 mm/s, pulse sí 200 ns. Pulse kọ̀ọ̀kan á bọ́ síbi tirẹ̀, 100 µm síra wọn, wọn ò ní gùn lé ara wọn. Ẹ fa ìlà kan ní 4 W, ọ̀kan ní 8 W, ọ̀kan ní 16 W, ẹ̀rọ ìwọ̀n yẹn ni kẹ́ ẹ fi rí wọ́ọ̀tì, ẹ má wo ìdá ọgọ́rùn-ún ojú EzCad. Ìyẹn 0.2, 0.4 àti 0.8 mJ. Bí ẹ̀rọ yín ò bá lè dé 16 W níbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2 W. Kókó ibẹ̀ ni pé kí èyí tó tẹ̀lé jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó ṣáájú.

Ẹ wá fi awò USB wọn bí àmì róbótó kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó, mẹ́wàá nínú ìlà kan, ẹ mú agbedeméjì wọn. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí agbára bá di ìlọ́po méjì, iye kan náà ló yẹ kó máa lé sí i. Ẹ pín iye tó lé yẹn sí 1.386, ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀, ìdajì ojú iná yín nìyẹn. Bí ó bá ń fi 1,640 µm² lé, ìdajì jẹ́ 34.4, ojú iná jẹ́ 69 µm. Bí tiyín bá jáde sí 90 µm, lẹ́ǹsì ti dọ̀tí, tàbí iná ò wọlé láàárín gbùngbùn rẹ̀, ó sì ti jẹ 0.15 mJ yín kù sí nǹkan bíi 2.4 J/cm². Kò sí nọ́ńbà ẹlòmíràn tó máa bá yín mu títí ẹ óò fi tún un ṣe. Ns mìíràn kì í yí ojú iná padà, agbára tí àmì fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nìkan ló ń yí.

Sábó_Engrave
Mo ti gbọ́ gbogbo ìṣirò. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé iná. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń mí sókè mí sílẹ̀, àwọ̀ máa ń yí lójú ẹni láàárín tírè kan ṣoṣo.

Ìyá_Àmì_Ẹ̀pẹ́
Ẹ̀gbọ́n, bóyá ni iná ló ṣe é. Páwà inú ẹ̀rọ náà ń sọ iná di 24 V tó dúró, kò mọ̀ bóyá 200 V ló ń wọlé tàbí 235 V. Bí iná bá sún lọ sílẹ̀ gan-an ni yóò yọ ọ́ lẹ́nu, ìgbà yẹn ẹ̀rọ sábà máa ń fi ẹ̀sùn hàn tàbí kó kú. Bí àwọ̀ bá ń yí díẹ̀díẹ̀ láti òkè tírè dé ìsàlẹ̀, tírè ló ń gbóná bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Irin tó ti móoru tẹ́lẹ̀ á hu awọ tó nípọn ju ti irin tútù lọ pẹ̀lú pulse kan náà. Ẹ fi álúmíníọ̀mù tó nípọn tó 10 mm sí abẹ́ rẹ̀, kí ó fara kàn án dáadáa, ẹ sì pín ojú tó gbòòrò sí wẹ́wẹ́, kí ẹ máa fò láti igun kan sí òdìkejì.

Bí àwọ̀ bá yí láàárín òwúrọ̀ àti ọ̀sán, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lórí irin àlòkù fún ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tó gbé ọjà sí i. Ẹ tún wo lẹ́ǹsì. Bí yàrá yín bá ní AC, tí ẹ wá ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ ọ̀sà Ìkòròdú, omi á sẹ̀ sójú lẹ́ǹsì tútù bó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò mínírà. Iná á fọ́n ká títí yóò fi gbẹ.

Ẹnjiníà_Odógùnyàn
Etí lẹ́tà tó dúdú ò kan iná mànàmáná náà. Ẹ ṣí hatch (ibi tí a ti ń yan bí a ṣe máa kún inú lẹ́tà) ní EzCad, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti máàkì "enable contour". Bí wọ́n bá máàkì rẹ̀, ẹ̀rọ ń fi iná gba etí lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tó ti kún inú. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ìdí kejì ni pé dígí gálífò gbọ́dọ̀ dẹ̀rìn kó tó yí padà lópin ìlà, pulse ò sì dúró dè é. Ní 800 mm/s àti 120 kHz, pulse jìnnà síra ní 6.7 µm. Bí dígí bá ti dẹ̀rìn sí 200 mm/s, wọ́n á kó jọ ní 1.7 µm, ìlọ́po mẹ́rin lójú kan náà. Ẹ kún un ní ìlà tó ń lọ sápá kan ṣoṣo, ẹ má lo èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, kí ẹ sì tún laser on delay àti off delay (àkókò tí ẹ̀rọ fi ń dúró kó tó tan lésà àti kó tó pa á) ṣe títí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìlà yóò fi rí bákan náà.

Lésà_Ìgbógbó
Ẹ kú làálàá mi o. Èsì rèé. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì 254, 30 ns, 120 kHz, 100%, 800 mm/s, 0.005 mm: elésè-àlùkò ló jáde, ó mọ́, kò ní pálapàla. Mo dín speed kù sí 700, búlúù padà dé. Mo yọ contour, etí lẹ́tà ti bá inú mu. Àmọ́ igun tírè lápá ọ̀tún ṣì ń jáde ní ìyeyè. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, igun yẹn fi 3 mm rẹlẹ̀ ju àárín lọ. Kí ló tún dé tí 800 ò fún mi ní búlúù nígbà tí ìṣirò bára mu?

Ẹnjiníà_Odógùnyàn
Nítorí àlàfo àkókò ni. Ní 300 kHz, 3.3 µs ló wà láàárín pulse méjì. Ní 120 kHz, ó jẹ́ 8.3 µs. Irin ti rí àyè tutù díẹ̀ kí èyí tó tẹ̀lé tó dé, awọ wá fi díẹ̀ tín-ín-rín. Speed 700 gbé àpapọ̀ lọ sí 5.1 J/mm², ó dí àlàfo yẹn. Ọ̀nà tó yẹ lẹ gbà.

Ní ti igun, lábẹ́ lẹ́ǹsì 254 tiyín, bí ẹ bá fi nǹkan bíi 2.5 mm kúrò lójú fókọ́sì, gbogbo ibi tí iná bò ti di ìlọ́po méjì, agbára lójú kan ti di ìdajì. 3 mm ti kọjá ìyẹn. Lábẹ́ 160, 1 mm péré ló ń ṣe é, nítorí náà lẹ́ǹsì ńlá yìí ń ràn yín lọ́wọ́ níbí. Ẹ fi páálí tàbí irin fẹ́lẹ́ gbé igun yẹn sókè kí ó má ju 0.5 mm lọ sí àárín, kí ẹ sì fi nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun kan tó ń kọ mí lóminú: ẹ̀rọ yìí ń gbé iná tí ojú ò rí. Pupa tó ń tàn fún ìtọ́sọ́nà kọ́ ni lésà fúnra rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí tírè dídán bá tì padà sójú ẹni lè jó ẹ̀yìn ẹyinjú kéèyàn tó fura. Awò tí wọ́n kọ 1064 nm àti OD 6 (ìyẹn pé ìdá kan nínú mílíọ̀nù iná náà ló ń gbà kọjá) sí lára ni kẹ́ ẹ máa wọ̀, ẹ má tẹ̀ sójú iṣẹ́ láìsí i. Èéfín stainless náà ní kúrómíọ́mù nínú, fáànù tó ń fà á síta ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe èyí tó ń fẹ́ ẹ sójú yín.

Lésà_Ìgbógbó
Mo ti gbọ́, awò wà, mo máa lò ó. Ó ku ti àmì pupa. Bí mo bá fi citric acid (ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́) fọ̀ ọ́ kí ó má bàa dógùn-ún, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ, ṣé búlúù ò ní bá a lọ?

Àgbádárìgì_Stainless
Ó lè bá a lọ. Ásíìdì ń jẹ awọ náà díẹ̀, bó bá sì ti tín-ín-rín, búlúù á padà sẹ́yìn sí elésè-àlùkò tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ má fi ọjà oníbàárà dán an wò. Ẹ kọ búlúù sára irin tó jọ tírè náà gẹ́lẹ́, márùn-ún, pẹ̀lú speed 700, 680, 660, 640 àti 620.

Ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀ ọ́ kí òróró ìka lọ, ẹ ṣàn án. Ẹ po citric acid 50 g mọ́ omi mímọ́ 950 ml, ìyẹn 5%. Inú ike ni kẹ́ ẹ pò ó sí, ẹ má lo ìkòkò irin. Bí omi náà ò bá tutù ju 21 °C lọ, ìṣẹ́jú 20 ni ó kéré jù, ooru ilé wa sì ti ju ìyẹn lọ. Ẹ ṣàn án nínú omi ìgò tàbí omi òjò tó mọ́, ẹ má lo omi kànga oníyọ̀, kí ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá ṣì jẹ́ búlúù nínú márùn-ún yẹn lẹ́yìn ìfọ̀, speed rẹ̀ lẹ máa lò fún ọjà, kí ẹ sì máa fọ gbogbo tírè bẹ́ẹ̀ kó tó jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ ti aṣọ funfun kan bọ omi iyọ̀ 5%, 50 g nínú 950 ml, ẹ tẹ́ ẹ sójú ibi tẹ́ ẹ kọ, ẹ fi ọ̀rá bò ó mọ́lẹ̀ fún wákàtí 24. Bí pupa bá kan aṣọ, awọ náà ti sán tàbí irin náà jẹ́ 201. Ẹ ṣe ìdánwò kan náà sí ẹ̀yìn tírè níbi tí lésà ò kàn. Bí ẹ̀yìn náà bá pupa, ọ̀rọ̀ ò sí lọ́wọ́ lésà yín mọ́, ẹ dá tírè padà fún ẹni tó tà á.